Orúkọ Mọ́kànlá ní Gbogbo Mọ́ńdè

Ilé ìfọṣọ, ọsibítù
Ogúnjọ́, oṣù kejì

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ewu ogun, ẹ kú àmúmọ́ra. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti gbọ́ràn? Èmi wà láàyè, ara mi sì dá, àfi ọwọ́ mi tó ń bó nítorí ọṣẹ tí a fi ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn. Ẹ̀rọ ńláńlá mẹ́fà ló ń pariwo sí mi létí láti àárọ̀ títí mo fi máa ṣíwọ́. Tí mo bá délé báyìí, tí ẹnì kan bá bá mi sọ̀rọ̀, ṣe ni mo máa ń kígbe dá a lóhùn bí ẹni tó ń jà.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kàn. Wọ́n ti fún yín níwèé àṣẹ láti wọ ìlú yìí. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi tò sórí ìlà nítorí rẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ mi báyìí, pẹ̀lú fọ́tò yín tí ẹ ti fajú ro bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹrin ni agbára ìwé náà máa tán. Awakọ̀ ọkọ̀ ìrànwọ́ tó gbé lẹ́tà yìí wá ti gbà láti gbé yín dé ẹnubodè, èmi á sì wá dúró dè yín níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé ẹ ò lè fi kọ́ọ̀tù sílẹ̀. Kọ́ọ̀tù wo, Bàámi? Àwọn adájọ́ ti sá. Àwọn lọ́yà ti sá. Wọ́n ní ọta ìbọn ti dá òrùlé lu. Ta lẹ wá ń ṣe akọ̀wé fún níbẹ̀, ṣé àwọn àdán ni? Ẹ dákun, ẹ má fi ikú ṣeré. Ìyá wa ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, ó ku èmi àti ẹ̀yin. Tí nǹkan bá ṣe yín, ta ni mo fẹ́ máa pè ní tèmi láyé yìí?

Ẹ fèsì kíákíá. Ẹ kó ìwọ̀nba aṣọ. Ẹ má kó fáìlì kankan mọ́ra o.

Ọmọ yín.


Kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹta

Ọmọ mi, ẹlẹ́nu bí abẹ,

Mo kí ọ, mo kí ọwọ́ rẹ tó ń bó. Máa fi òróró pa á. Orúnkún mi kò tíì gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ẹ̀bi ogun kọ́, ọjọ́ orí ni. Ní ti fọ́tò, ẹni tó yà á ló ní kí n má rẹ́rìn-ín. Ìwé tí o gbà fún mi dùn mọ́ mi nínú ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Mo fi lẹ́tà rẹ han obìnrin tó ń gbálẹ̀ kọ́ọ̀tù, ó ní ọmọ tó bá ṣe èyí, kò sí ohun tó kù fún un láti ṣe.

Ṣùgbọ́n mi ò lè wá báyìí. Má tíì bínú. Kọ́kọ́ fara balẹ̀ kà á.

Ẹni tí wọ́n bá dájọ́ ikú fún, tó sì ní ẹjọ́ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí adájọ́ mẹ́ta á fi jókòó gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà gbọ́dọ̀ wà láàyè. Ohun tó sì ń mú un wà láàyè ni pé ní ọjọ́ ìjókòó, kí akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó pe orúkọ ẹni náà lẹ́ẹ̀mẹta, kó wá kọ ọ́ sínú ìwé ńlá pé a pè é, adájọ́ kò jókòó, a sún un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí wọn ò bá pe ẹjọ́ kan ní ìjókòó mẹ́ta tẹ̀léra, òfin ní ẹni tó ni ín ti pa á tì. Ó parí nìyẹn. Mọ́ńdè ni ọjọ́ ìjókòó tiwa.

Èèyàn mọ́kànlá ló wà nínú ìwé mi. Ní gbogbo Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo máa ń wọ ẹ̀wù dúdú mi, màá kọjú sí ọgbà tó ṣófo, màá sì máa pè wọ́n. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní kí n máa rọra pè, kí àwọn ṣọ́jà má baà rò pé òkú ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Èmi àti òun nìkan ló kù níbẹ̀. Inú ọgbà kọ́ọ̀tù ló ń gbé, òun ló ń bá mi gba lẹ́tà, torí ilé ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò wa ti jóná. Ibí ni kí o máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí.

Ọ̀gá ṣọ́jà tó gba ìlú máa ń wá wo ìwé náà. Ó fẹ́ tú ọgbà ẹ̀wọ̀n ká kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lè ríbi sùn. Ó sọ ọ́ lójú mi pé ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ bá wà láàyè nínú ìwé, òun ò ní fọwọ́ kàn án, torí òun náà fẹ́ kí ayé máa pe òun ní ìjọba. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti kú, òun á yìnbọn fún un lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì bu omi mi mu.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn wọ̀nyí ò lè sọ̀rọ̀ láti ibi tí wọ́n wà, èmi ni mo ń bá wọn sọ ọ́.

Jọ̀ọ́, fi yíǹkì òǹtẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, aláwọ̀ àlùkò, má ra pupa. Àti awò ojú. Mo ti jókòó lé èyí tí mo ní.

Bàbá rẹ.


Ilé ìfọṣọ, ọsibítù
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàámi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Yíǹkì wà nínú páálí yìí, aláwọ̀ àlùkò. Awò ojú méjì ni mo rà, kí ẹ lè jókòó lé ọ̀kan.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Inú bí mi débi pé mo da aṣọ àwọn aláìsàn pọ̀ mọ́ ti àwọn dókítà, ọ̀gá wa sì bú mi tẹ̀gàn-tẹ̀gàn. Èèyàn mọ́kànlá. Ta ni wọ́n? Ṣé wọ́n tiẹ̀ mọ̀ yín? Nígbà tí wọ́n pa ẹ̀gbọ́n mi, èwo nínú wọn ló wá bá wa jókòó? Èmi ni mo jókòó tì yín. Èmi ni mo lọ dúró níwájú adájọ́ tí gbogbo ojú ń wò mí, tí mo sọ ohun tí mo sọ. Tí irú èmi yẹn bá wá ní kí ẹ máa bọ̀, ẹ ò yẹ kí ẹ máa ka òfin sí mi létí.

Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe iṣẹ́ bàbá ẹnì kan. Ìjọba wo ló tún wà níbẹ̀ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀? Ta ló ń san owó oṣù yín?

Ó dáa. Ẹ kọ wọ́n fún mi. Ẹ sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo fẹ́ mọ àwọn tó gba bàbá mi mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ku ọjọ́ márùndínlógójì kí agbára ìwé yín tó tán, mo sì ń kà á.

Ọmọ yín.


Kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Awò ojú dára, mo rí kòkòrò tó ń rìn lórí fáìlì láti ibi tí mo jókòó sí. O ní kí n sọ wọ́n, màá sọ wọ́n.

Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní ó pa ọ̀gá rẹ̀. Apẹja méjì wà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tí ọ̀kan ń ní òun ló ṣe é, tí èkejì náà ń ní òun ni. Obìnrin aránṣọ kan wà. Bàbá arúgbó kan wà tí etí rẹ̀ ti di, tí kò gbọ́ ìdájọ́ tirẹ̀ gan-an nígbà tí wọ́n kà á, wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n ló kọ ọ́ sórí ògiri fún un. Awakọ̀ kan ni ìkẹfà. Ẹnì keje ni wẹ́dà tó ń jó irin.

Bẹ́ẹ̀ ni. Wẹ́dà yẹn. Ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ.

Mi ò sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ torí mo mọ bí ó ṣe máa rí lára rẹ. Kí ogun tó dé, akọ̀wé kejì ló ń tọ́jú fáìlì rẹ̀, torí akọ̀wé kì í fọwọ́ kan ẹjọ́ tó kàn án. Akọ̀wé kejì sá lọ. Mo kọ̀wé sí adájọ́ àgbà tó wà lódìkejì odò, mo ní kí wọ́n yọ mí kúrò nínú rẹ̀. Ó fèsì pé pípè kì í ṣe dídá, kí n máa pè é.

Ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́, mo pe mẹ́fà, ẹnu mi wá wúwo. Mo dúró. Mo wọlé lọ mu omi. Ó wù mí kí n fò ó, ọmọ mi, ó wù mí gan-an. Ta ló máa mọ̀? Mo gbà pé òun ló pa ọmọ mi. Mo gbà á torí ìwọ lo sọ pé o rí ojú rẹ̀, mo sì mọ irú ọmọ tí mo bí. Ṣùgbọ́n tí mo bá fò ó, èmi ni mo pa á, kì í ṣe òfin. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni wọ́n ń pè é, èmi ò sì fẹ́ jẹ́ àgbà bẹ́ẹ̀. Mo padà sẹ́nu ọ̀nà, mo pè é ketekete lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà mo lọ jókòó sínú yàrá fáìlì, mo sì sunkún.

Lọ́yà rẹ̀ kọ ọ́ pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló ní òun rí ojú rẹ̀, àti pé òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ lọ́yà ni, wọ́n gbọ́dọ̀ rí nǹkan sọ.

Mo mọ̀ pé agbára ìwé tí o gbà fún mi máa tó tán. Bóyá wọ́n á lè fún mi ní òmíràn lọ́jọ́ iwájú. Má bínú sí mi pẹ́.

Bàbá rẹ.


Ilé ìfọṣọ, ọsibítù
Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Bàámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Agbára ìwé yín ti tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì bèèrè òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ lẹ́tà yìí, mo ya mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á níbi tí ẹnì kankan ò sí. Bàbá mi ni mo ń kọ̀wé sí, kì í ṣe akọ̀wé kọ́ọ̀tù.

Mi ò rí ojú wẹ́dà.

Ẹ̀yìn ẹnì kan ni mo rí. Mo wà lójú fèrèsé, òjò ń rọ̀, ẹnì kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù irú ti àwọn wẹ́dà sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbọ́n mi jáde. Ó ga bíi wẹ́dà yẹn. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi sì ti jà lọ́jọ́ méjì ṣáájú lórí géètì tí kò ṣe dáadáa. Gbogbo àdúgbò ní òun ni. Nígbà tí mo sọ fún ọlọ́pàá pé ẹ̀yìn ni mo rí, ó ju bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ò jẹ́ ẹnì kan, pé tí mi ò bá rí ojú, ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n mi á máa rìn káàkiri ìlú, màá sì máa pàdé rẹ̀. Ni mo bá ní mo rí ojú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́, ó dún bí irọ́ ní etí mi. Nígbà tó máa fi di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo ti ń rí ojú náà lóòótọ́, pẹ̀lú òjò tó ń ṣàn lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo jẹ́rìí, ìlà kejì lẹ jókòó sí. Mo wò yín kí n tó búra. Ẹ mi orí sí mi pé kí n máa sọ ọ́. Mi ò lè padà sẹ́yìn mọ́.

Iṣẹ́ kọ́ ni mo wá ṣe níbí, Bàámi. Mo sá ni. Mo tún fẹ́ fà yín kúrò nítòsí fáìlì yẹn, kí ẹ má baà kà á lọ́jọ́ kan kí ẹ rí ohun tí lọ́yà náà rí. Mi ò sọ pé wẹ́dà kọ́ ló pa á. Mi ò mọ̀. Mo búra pé mo mọ̀, mi ò sì mọ̀.

Tẹ́lẹ̀, mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi àwọn orúkọ yẹn sílẹ̀. Mo ń bẹ̀ yín báyìí pé kí ẹ má fò ó. Ojú ń tì mí débi pé mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ parí lẹ́tà yìí.

Ọmọ yín.


Ilé wa
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyí tí mo ti kọ̀wé sí ọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé ara rẹ dá? Aládùúgbò wa kan fẹ́ gba ọ̀nà oko sá jáde, òun ni mo fún ní lẹ́tà yìí.

Ogun ti dé orí afárá tó wà láàárín ilé wa àti kọ́ọ̀tù. Mi ò lè kọjá. Mọ́ńdè ọjọ́ kẹfà, mo dé ìdí afárá, wọ́n yìnbọn sókè, mo padà. Mọ́ńdè àná, mi ò lè jáde nílé rárá, abẹ́ tábìlì ìdáná ni mo wà. Mọ́ńdè méjì nìyẹn. Tí mi ò bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ ogún, gbogbo wọn kú. Wọ́n ní èèyàn lè gba ojú irin kọjá sábẹ́ afárá. Ọ̀nà náà ò dára fún orúnkún, ṣùgbọ́n kò sí òmíràn.

Ṣé torí wẹ́dà lo ṣe dákẹ́? Mo ti rò ó lábẹ́ tábìlì, àyè ìrònú wà níbẹ̀. Bóyá ìwọ lo gbọ́n. Bàbá wo ló ń gba ẹni tó pa ọmọ rẹ̀ là? Láàárọ̀ yìí, mo sọ fún ara mi pé tí mi ò bá dé kọ́ọ̀tù ní Mọ́ńdè, ẹ̀bi mi kọ́, ogun ni, ẹnì kan ò sì ní bi mí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi, ó dùn jù. Ó wá bà mí lẹ́rù.

Tí mo bá kú sójú irin, kọ́kọ́rọ́ yàrá fáìlì wà nínú bàtà mi ọ̀tún. Kọ̀wé sí mi, kódà kí o bú mi.

Bàbá rẹ.


Kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo débẹ̀. Ikùn ni mo fi wọ́ kọjá lábẹ́ afárá, bàtà òsì mi sì lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́sàn-án lù. Ọ̀gá ṣọ́jà ti jókòó sórí àga mi, ó ṣí ìwé ńlá síwájú, ó sì ti da orúkọ mọ́kànlá kọ sórí bébà kan. Ó wo aago, ó wo ẹsẹ̀ mi. Mo wọ ẹ̀wù dúdú lé aṣọ tó tutù, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo pè wọ́n. Mo pe ẹnì keje bí mo ṣe pe àwọn tó kù. Ọ̀gá ṣọ́jà dúró lé mi lórí títí mo fi kọ ọ́ tán, ó ká bébà rẹ̀ sápò, ó sì jáde láìkí wa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni obìnrin tó ń gbálẹ̀ gbé lẹ́tà rẹ fún mi. Ó ti ṣí i. Má bínú sí i, èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún un pé ìwé èyíkéyìí tó bá wọ kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ tí mi ò sí, kó ṣí i, kó lu òǹtẹ̀, kó fún un ní nọ́ńbà, kó wá fáìlì tó bá a mu. Kò mọ̀wé púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó rí “wẹ́dà,” ó rí “kọ́ọ̀tù,” ó rí “búra.” Ó lu òǹtẹ̀ sí ojú ewé méjèèjì pẹ̀lú yíǹkì tí ìwọ fúnra rẹ rà, ó sì fi sínú fáìlì kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ẹni náà, nọ́ńbà kejìdínlógún. Ó dúró, ó ń retí kí n yìn ín. Mo yìn ín.

Mo wá kà á ní ìdúró. Inú bí mi sí ọ, jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọdún méjì ni mo fi kórìíra ọkùnrin kan lórí ẹnu rẹ. Mo bá ọ wí nínú yàrá yẹn bí ẹni pé o wà níwájú mi, obìnrin yẹn sì sá jáde. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé lóòótọ́ ni mo mi orí. Mi ò bi ọ́ ní ìbéèrè kan rí. Ọgbọ̀n ọdún nínú kọ́ọ̀tù, mo mọ bí òjò ṣe máa ń rí lójú fèrèsé, mi ò sì bi ọ́, torí mo fẹ́ kí o ti rí i.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Lẹ́tà tí o kọ sí bàbá rẹ ti di ìwé kọ́ọ̀tù. Tí mo bá fi sílẹ̀, àwọn adájọ́ á kà á lọ́jọ́ tí wọ́n bá jókòó, ẹ̀wọ̀n sì ni ẹ̀san ìbúra èké. Tí mo bá jó o, wọ́n á dá wẹ́dà lẹ́jọ́ lórí ohun tí a jọ mọ̀ pé irọ́ ni. Tí nọ́ńbà kan bá sọnù nínú fáìlì, á hàn, ṣùgbọ́n ogun ń jó ìwé lójoojúmọ́, kò sí ẹni tó máa wádìí. Mi ò gbé ìṣáná wọ yàrá fáìlì rí láyé mi. Láti àná ni ó ti wà lórí tábìlì mi.

Mi ò tíì jó o. Mi ò sì tíì fi ránṣẹ́ sódìkejì odò. Fèsì, má pẹ́.

Bàbá rẹ.


Ilé ìfọṣọ, ọsibítù
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Bàámi,

Ẹ gbé ìṣáná kúrò níbẹ̀.

Mo dúpẹ́ pé ẹ wà láàyè. Ẹ kú ewu, ẹ kú ìrora ẹsẹ̀. Ẹ bú mi dáadáa, mo gbà á. Ẹ bá mi kí obìnrin tó ń gbálẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ka lẹ́tà yín, mo ṣépè fún un títí ẹnu mi fi gbẹ. Ẹ má sọ ìyẹn fún un. Ẹ sọ fún un pé ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Wọ́n sọ fún mi níbí pé lẹ́tà lásán ò ní wúlò tó níwájú adájọ́, pé ìwé ìbúra ló ń ṣiṣẹ́. Mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo lọ búra. Yàrá kékeré ni, òdòdó oníke kan wà lórí tábìlì, akọ̀wé tó wà níbẹ̀ sì ń jẹ búrẹ́dì. Ó kà á fún mi sókè, ó dúró lágbedeméjì, ó bi mí bóyá mo mọ ohun tí mo ń ṣe sí ara mi. Mo ní akọ̀wé kọ́ọ̀tù ló bí mi. Ó fi búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀, ó lu òǹtẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tó ọdún mẹ́ta, ó sì ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Ìwé ìbúra náà ló wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí adájọ́ àgbà kí ọwọ́ yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìṣáná yẹn.

Ọmọ yín.


Kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje

Ọmọ mi,

Kọ́ọ̀tù jókòó lánàá. Àwọn oníṣẹ́ ìrànwọ́ bẹ ìhà méjèèjì fún ọjọ́ kan láìsí ìbọn kí wọ́n lè kó àwọn aláìsàn kọjá, adájọ́ méjì sì bá ọkọ̀ wọn sọdá odò. Ẹ̀kẹta wà nílùú níbí, orí ibùsùn ni wọ́n ti gbé e wá. Torí òrùlé wa, yàrá ìjẹun ilé ẹ̀kọ́ kan la lò. Orí àga àwọn ọmọdé ni àwọn adájọ́ jókòó sí, orúnkún wọn ń kan àgbọ̀n wọn, ẹnì kan ò sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ṣọ́jà dúró sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹjọ́ mẹ́ta ni àyè wà fún, ti àwọn tí ìwé wọn pé. Ti wẹ́dà wà nínú rẹ̀.

Akọ̀wé ló máa ń ka ìwé ìbúra sétí kọ́ọ̀tù. Mo bẹ adájọ́ àgbà pé kí ẹlòmíràn bá mi kà á. Ó wo yàrá náà yíká, ó ní, “Ta ni?” Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti sọ pé mo mi orí, mo yọ awò ojú mi, mo nù ún. Wọ́n dúró dè mí títí mo fi dá a padà sójú.

Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣẹ́kù tó so ọkùnrin náà mọ́ ikú ẹ̀gbọ́n rẹ. Wọ́n dá a sílẹ̀. Ta ló pa ọmọ mi, mi ò mọ̀, ó sì lè jẹ́ pé mi ò ní mọ̀ títí màá fi kú. Ìyẹn dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ. Wẹ́dà dúró lẹ́bàá ọ̀nà bí mo ṣe ń jáde. Ó ti rù. Ó ní wọ́dà máa ń sọ fún àwọn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ bí mo bá ti pè wọ́n. Ó bi mí bóyá ó rọrùn fún mi láti pe orúkọ òun. Mo ní kò rọrùn. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni.” Mo ti sọ fún ọ.

Ìwé kejì tó wà nínú àpò ìwé yìí, sámánsì ni, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Kọ́ọ̀tù ní kí o fara hàn láàárín ọgọ́ta ọjọ́ láti wá jẹ́jọ́ ìbúra èké. Àwọn adájọ́ ti gbà láti tún sọdá lóṣù kẹjọ nítorí ẹjọ́ mẹ́jọ tó kù.

Òfin wa ò dé ibi tí o wà. Tí o bá jókòó síbẹ̀, ẹnì kan ò ní wá mú ọ. Bàbá rẹ ní kí o má wá. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ti bu ọwọ́ lu ìwé pé kí o wá. Láti àná ni àwọn méjèèjì ti ń jà nínú mi, mi ò sì mọ èwo ni kí n tẹ̀lé.

Bàbá rẹ.


Ilé ìfọṣọ, ọsibítù
Ọgbọ̀njọ́, oṣù keje

Bàámi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ìwé méjèèjì dé ọwọ́ mi. Mo ka ti akọ̀wé lẹ́ẹ̀kan, mo ka ti bàbá mi títí bébà fi rọ̀.

Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Awakọ̀ ọkọ̀ ìrànwọ́ ní òun ò gbé ẹni tó ń wọlé síbẹ̀ rí, àwọn tó ń sá jáde lòun mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí bóyá mi ò ṣì í sọ. Tí ọ̀nà bá gbà wá, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀, ni mo máa dé.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́. Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ń bà mí, ojú wẹ́dà sì ń bà mí lẹ́rù ju ẹ̀wọ̀n lọ, torí màá rí i lójúkojú wàyí. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ. Ẹ sọ fún adájọ́ àgbà pé ẹjọ́ yìí kàn yín, kí wọ́n mú akọ̀wé kan dání láti òdìkejì odò. Lọ́jọ́ náà, ẹ má wọ ẹ̀wù dúdú, ẹ má mú kálàmù lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí bàbá mi jókòó tì mí.

Ọmọ yín.